Àmì Ìrántí Òmìnira Ọdún 1960: Bí A Ṣe Lè Dá A Mọ̀, Kí A sì Tọ́jú Rẹ̀

Nígbà mìíràn, bí àgbàlagbà kan tó ti ṣiṣẹ́ ológun tàbí ọlọ́pàá bá papò dà, tí àwọn ọmọ sì ṣí àpótí rẹ̀, wọ́n a bá irin róbótó kan tó dà bí owó, tó ní ìkọ́ lórí, tó sì so mọ́ ọ̀já aláwọ̀ ewé àti funfun. Òmíràn a rò pé owó fàdákà ni. Òmíràn a ní oyè ni ìjọba fi dá bàbá lọ́lá. A kọ àlàyé yìí fún àwọn ará Ute àti gbogbo agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ń kiri ra àlòkù irin.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1960 ni Nàìjíríà gba òmìnira. Ní pápá eré ẹṣin ní Èkó, tí a mọ̀ sí gbàgede Tafawa Balewa lónìí, ni wọ́n ti sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, tí wọ́n sì fa tiwa sókè. Princess Alexandra ló ṣojú Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, òun ló sì fa ìwé òmìnira lé Olórí Ìjọba, Abubakar Tafawa Balewa, lọ́wọ́. Lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn ni Ute wà nígbà náà, nítorí ọdún 1976 ni wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀.

Láti fi ṣe ìrántí ọjọ́ náà ni wọ́n ṣe rọ àmì yìí fún àwọn ọmọ ogun àti ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ òmìnira. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè iṣẹ́ akin tí wọ́n ṣe. Pé ẹni náà wọ aṣọ ìjọba lọ́jọ́ tí àsíá yí padà ti tó. Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní àmì ìrántí, tí a kò pè é ní àmì akọni.

Orí Ọbabìnrin, pẹ̀lú adé, ló wà ní ojú rẹ̀ kan. Èyí máa ń ya àwọn ọ̀dọ́ lẹ́nu: òmìnira wo ni a gbà tí orí ọba òkèèrè ṣì wà lára àmì rẹ̀? Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Ọbabìnrin ṣì jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè wa fún ọdún mẹ́ta sí i, títí di ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà 1963 tí a di orílẹ̀-èdè olómìnira aláàrẹ, tí Nnamdi Azikiwe sì di Ààrẹ àkọ́kọ́. Àmì ìrántí mìíràn wà fún ti 1963.

Ní ojú kejì, ẹ ó rí àmì ìdánimọ̀ Nàìjíríà: asà tí ẹṣin méjì gbé ró, tí ẹyẹ idì bà lé lórí, tí ìlà bí odò méjì tó pàdé sì wà láàárín rẹ̀ fún Odò Ọya àti Bẹ́núé. Ẹ ka ọ̀rọ̀ abẹ́ asà náà dáadáa. Unity and Faith nìkan ló yẹ kó wà níbẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí Ìṣọ̀kan àti Ìgbàgbọ́. Ní 1978 ni ìjọba tó fi Àlàáfíà àti Ìlọsíwájú kún un. Bí ẹ bá rí gbogbo rẹ̀ lára èyí tí ẹnìkan pè ní ti 1960, ẹ fura.

Ọ̀já rẹ̀ pín sí mẹ́ta ọgbọọgba: àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé, gẹ́gẹ́ bí àsíá tí Taiwo Akinkunmi yà nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. (Ó ya oòrùn pupa sí àárín rẹ̀, àwọn adájọ́ ló yọ ọ́ kúrò.)

Bí èyí tí ẹ bá rí bá jẹ́ onígun mẹ́fà bí ìràwọ̀, ti Ogun Àgbáyé Kejì ni, irú èyí tí àwọn tó jagun ní Bọ́mà gbà. Oyè bí OFR àti MON tún yàtọ̀ pátápátá: òfin ọdún 1964 ló dá wọn sílẹ̀, ẹnìkọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń yàn fún wọn.

Kò sí fàdákà nínú àmì òmìnira yìí rárá. Àdàlù bàbà àti níkẹ̀lì ni, irú èyí tí wọ́n fi rọ owó ṣílè ayé ìgbà náà. Nítorí náà, owó péréte ni ẹni tó fẹ́ yọ́ ọ lè san, ilé yín ni yóò sì pàdánù. Ẹ má ṣe fi yanrìn, eérú tàbí ọṣẹ idẹ fọ̀ ọ́, nítorí ojú ọbabìnrin àti lẹ́tà ni yóò kọ́kọ́ pa rẹ́. Aṣọ òwú gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ sì fi dì í. Ọ̀rá kò dára, nítorí ó ń sé ọ̀rinrin mọ́ ọn, ọ̀já ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹrà.

Kí ẹ tó dì í, ẹ wo etí rẹ̀ yí ká lójú oòrùn bóyá orúkọ tàbí nọ́ńbà iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín, ẹ̀ka iṣẹ́ rẹ̀ àti ọdún tó wọṣẹ́, ní báyìí tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé. Kí ìwé àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ àti ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wà pa pọ̀ mọ́ ọn nínú àpótí kan náà.