Ojú Olóògbé: Àkó, Ère Ìbejì àti Fọ́tò Nínú Ìrántí Òkú Ilé

Ẹni tó bá fẹ́ bá bàbá rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀, ojú oórì ló ń lọ. Ọ̀rọ̀ náà, "ojú", ni àpilẹ̀kọ yìí ń tọ̀ lẹ́yìn. Ohùn ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbájú mọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìsìnkú, wọn kò sì jẹ̀bi: ìwé tí Karin Barber kọ lórí Òkukù, tó jáde ní 1991, fi hàn bí oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin ṣe ń so òkú mọ́ alààyè. Ṣùgbọ́n ojú ta ni à ń wò bí a bá ń rántí ẹni wa?

Nígbà kan rí ní Ọ̀wọ̀, ojú olóògbé gan-an ni. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sin òkú àgbà tó lówó, tó lọ́lá, tọ́mọ rẹ̀ sì rí ná, agbẹ́gilére á gbẹ́ àkó, ère tó tó ènìyàn ní ìdúró. Wọ́n á wọ aṣọ iyebíye fún un, wọ́n á gbé e yí ìlú ká. Wọ́n ṣe é fún Olorì Ameri, ìyá Ọlọ́wọ̀ Ọlátẹ́rù Ọlágbẹgí Kejì, ní 1944. Rowland Abíọ́dún, ọmọ Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀, kọ̀wé lé àkó lórí ní 1976. Jíjọ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ṣáájú rẹ̀, ní 1966, Frank Willett ti wo ihò tó wà lọ́rùn àwọn orí idẹ Ifẹ̀, ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ara onígi ni wọ́n kàn wọ́n mọ́ fún irú ìsìnkú bẹ́ẹ̀. Àbá ni o. Igi kì í pẹ́ nínú ilẹ̀ wa kó tó jẹrà, nítorí náà ó ṣòro láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ère ìbejì, tí wọ́n máa ń gbẹ́ fún ìbejì tó bá kú, kò ka jíjọ sí. Ọmọ ọwọ́ ló kú, ère àgbà ni wọ́n gbẹ́: ó lọ́mú bó bá jẹ́ abo, ó kọlà, irun rẹ̀ ga. Èrò tèmi ni pé ìlú kò tíì mọ ojú ọmọ náà, nítorí náà ojú tí ì bá dàgbà ní ni wọ́n fún un. Ìyá rẹ̀ á wẹ ère náà, á fi osùn pa á, á fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu. Ìdí nìyí tí imú àti ojú ọ̀pọ̀ ère tó ti pẹ́ fi dán bọ̀rọ́. Ọwọ́ ìyá ló nù ún kúrò.

Lóde òní, fọ́tò ti gba iṣẹ́ àkó. Ẹbí kì í mú fọ́tò orí àìsàn. Èyí tí bàbá ti wọ agbádá ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Ṣùgbọ́n fọ́tò tún gba iṣẹ́ ère ìbejì, ibẹ̀ ló sì ti ta kókó. Stephen Sprague, tó kọ̀wé ní 1978 nípa àwọn ayàwòrán Ìlá Ọ̀ràngún, ṣàlàyé pé, nígbà náà, bí ìbejì kan bá kú láìya fọ́tò, èyí tó kù ni wọ́n ń yà, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà. Bó bá jẹ́ akọ àti abo ni wọ́n, ọmọ náà á wọṣọ ọkùnrin fún ọ̀kan, á wọ ti obìnrin fún èkejì. Ọmọ kan ṣoṣo ló jókòó níwájú kámẹ́rà. Nínú fọ́tò, Táíwò àti Kẹ́hìndé ló jókòó ti ara wọn.