Àgbàlá Ilé Gẹ́gẹ́ Bí Ibi Ìwádìí: Àwọn Olùfẹ́ Ojú Ọ̀run àti Wíwọn Ìràwọ̀ Ìbejì

Ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ tí ojú lásán ń rí bí ẹyọ kan, méjì ni wọ́n. Awò awọ̀nàjíjìn ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn kan nínú wọn kàn bọ́ sójú ìlà kan náà ni, tí ọ̀kan sì jìnnà réré lẹ́yìn èkejì. Àwọn yòókù jẹ́ ìbejì tòótọ́: agbára òòfà so wọ́n mọ́ra, wọ́n sì ń yí ara wọn po. Àwọn wọ̀nyí ló ṣe pàtàkì, nítorí láti ara ìyípo wọn ni a ti ń mọ bí ìràwọ̀ ṣe wúwo tó. Ẹni tó bá mọ iye ọdún ìyípo, tó mọ bí àlàfo àárín wọn ti gbòòrò tó lójú wa, tó sì mọ bí wọ́n ti jìnnà sí wa tó, yóò fi òfin Kepler ṣírò ìwúwo àwọn méjèèjì pa pọ̀. Ohun tí a mọ̀ lára wọn ni a fi ń díwọ̀n ìwúwo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìràwọ̀ tó dá wà.

Èrò mi ni pé sùúrù ọdún pípẹ́ ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ju ẹ̀rọ ńlá lọ. Nítorí náà ni àwọn tí kò fi ìmọ̀ ìràwọ̀ jẹun, tí wọ́n ń wo ojú ọ̀run láti ẹ̀yìnkùlé wọn, fi ní ipò tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà lọ́wọ́ wọn.

Olórin ni William Herschel ní ìlú Bath, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ìràwọ̀ wọ̀nyí jọ. Àkójọ rẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tó jáde ní 1782, ní 269 nínú. Ìjìnnà ìràwọ̀ ló ń wá, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tẹ̀ ẹ́. Ní 1803 ó kéde ohun mìíràn tó lágbára jù ú lọ: àwọn kan nínú wọn ń yí ara wọn po. Kí ó tó lè sọ èyí nípa ìràwọ̀ Castor, àkọsílẹ̀ tí onímọ̀ ìràwọ̀ James Bradley ṣe ní 1759 nípa ibi tí ìràwọ̀ méjèèjì kọjú sí ló fi wé ti ara rẹ̀. Bradley ti kú láti 1762. Ẹ̀rí àkọ́kọ́ pé òfin òòfà ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ìràwọ̀ jẹ gbèsè lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ ohun tí wọn yóò fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe.

Àpẹẹrẹ tó wù mí jù ni ti Sherburne Wesley Burnham. Akọ̀wé kóòtù ni ní Chicago, ẹni tó ń sáré kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn agbẹjọ́rò àti ẹlẹ́rìí bá sọ sílẹ̀. Ní nǹkan bí 1870 ni awò rẹ̀ oní-íǹṣì mẹ́fà, iṣẹ́ ọwọ́ Alvan Clark, dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ sí àgbàlá ilé rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ìdílé Herschel àti ìdílé Struve ti tú ojú ọ̀run yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀ ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú awò tó tóbi ju tirẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ó tẹ àkójọ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1873, awò kékeré yẹn sì fi ìbejì tó lé ní 400 hàn án, tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ rí. Kò ní máíkírómítà tó lè fi wọ̀n wọ́n níbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ó kọ̀wé sí Ercole Dembowski ní Ítálì, ọmọ ogun ojú omi tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìyẹn sì ń bá a wọ̀n wọ́n. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún Dembowski ní àmì ẹ̀yẹ wúrà ní 1878, wọ́n fún Burnham náà ní 1894. Burnham ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwòràwọ̀ Lick láti 1888 sí 1892, ó tún padà sí kóòtù, ó sì ń fi òpin ọ̀sẹ̀ lo awò ńlá ibùdó ìwòràwọ̀ Yerkes. Àkójọ ńlá rẹ̀ ti 1906 ní 13,665 ìbejì nínú. Ẹni tó bá ka ìtàn yìí tó ṣì ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní eré ọwọ́ dilẹ̀ kò tíì ronú jinlẹ̀.

Ẹ wo ìràwọ̀ ìbejì Porrima nínú àkójọ ìràwọ̀ Virgo. Ìyípo rẹ̀ ń gba nǹkan bí ọdún 169, èyí tó gùn ju ẹ̀mí ènìyàn méjì lọ. Ní 1836 àwọn méjèèjì súnmọ́ra débi pé William Henry Smyth, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi tó ń wò wọ́n ní Bedford, rí wọn bí ẹyọ kan ṣoṣo. Ní 2005 wọ́n tún súnmọ́ra bẹ́ẹ̀, àlàfo wọn kò ju nǹkan bí 0.4 sẹ́kọ́ǹdù igun lọ. (Bí a bá gé dígírì kan sí ọ̀nà 3,600, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni sẹ́kọ́ǹdù igun.) Lónìí àlàfo náà ti kọjá 3, awò kékeré sì lè yà wọ́n. Ibùdó ńlá wo ni yóò yọ̀ǹda òru lọ́dọọdún fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi ń tọrọ àkókò níbẹ̀, àwọn tó ń pín in sì fẹ́ rí èsì láìpẹ́. Ẹni tó ni awò nílé kò tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àtakò tó lágbára jù sí èrò mi yìí wá láti ọ̀dọ̀ Gaia, sátẹ́láìtì tí àwọn ará Yúróòpù gbé lọ sókè ní Oṣù Kejìlá 2013, tó sì wo ojú ọ̀run títí di Oṣù Kìíní 2025. Fún àwọn ìbejì tí àlàfo wọn fẹ̀, tí wọn kò sì mọ́lẹ̀ jù, òótọ́ ni: Gaia ti wọ̀n wọ́n dáadáa ju bí awò àgbàlá ṣe lè wọ̀n wọ́n lọ. Mo gbà, mo sì rò pé kí àwọn olùwọ̀n dẹ́kun láti máa fi òru wọn ṣòfò lórí irú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ gan-an ń da Gaia lójú rú, àwọn tó há mọ́ra jù sì ń ṣòro fún un láti yà sọ́tọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, nǹkan bí ọdún mọ́kànlá péré ló fi wò. Kí ni ìyẹn jẹ́ nínú ọdún 169 ti Porrima?

Àwọn kan ń bèèrè bóyá ìwọ̀n àgbàlá ṣeé fọkàn tán. Ó ṣeé fọkàn tán bí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é bá mọ́. Lónìí kámẹ́rà kékeré ń ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, olùwọ̀n á ṣa àwọn tí afẹ́fẹ́ kò gbọ̀n, á sì pa wọ́n pọ̀. Kó lè mọ ibi tí ìwọ̀ oòrùn wà lójú àwòrán, á pa mọ́tò awò kí ìràwọ̀ náà fúnra rẹ̀ rìn kọjá. Nítòsí ìlà tó pín ojú ọ̀run sí àríwá àti gúúsù, sẹ́kọ́ǹdù igun 15 ló ń rìn ní sẹ́kọ́ǹdù aago kan. Á wọn àlàfo, á wọn igun láti àríwá lọ sí ìlà oòrùn, á tún un ṣe lóru mìíràn, á sì kọ iye tí àṣìṣe rẹ̀ lè tó mọ́ ọn. Kò gbọdọ̀ wo ìwọ̀n àwọn ẹlòmíràn kó tó parí tirẹ̀. Irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ń wọ inú àkójọ ńlá ìràwọ̀ ìbejì ti Washington, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Herschel àti ti Burnham.

Ẹ̀yìnkùlé Burnham ní ààlà tirẹ̀: àwọn ìràwọ̀ gúúsù jíjìn kì í yọ ní Chicago. Alpha Centauri wà lára wọn, ìbejì tó mọ́lẹ̀ jù fún Gaia, tí ìyípo rẹ̀ tó nǹkan bí ọgọ́rin ọdún, tí àwọn méjèèjì yóò sì tún súnmọ́ra jù lọ lójú ọ̀nà wọn ní 2035. Ní Ìbàdàn ó ń ga ju ogún dígírì lọ ní gúúsù lálẹ́ Oṣù Karùn-ún, bí ìkúukùu òjò bá yẹra. Awò oní-íǹṣì mẹ́ta tó láti yà wọ́n.