Ohun tí ẹyẹlé ń wò kó tó wọlé

“Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá yẹrí lọ́jọ́ ikú.” Bí àgbà bá ń yin ọ̀rẹ́ tòótọ́, òwe yìí kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sin ẹyẹlé rí mọ̀ pé ìyìn náà fẹ́ àtúnṣe díẹ̀: ibùsùn rẹ̀ ni ẹyẹ yìí ń bá ṣọ̀rẹ́ ju onílé lọ. Tà á fún ará abúlé kejì. Bí onítọ̀hún kò bá sé e mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, orí àjà àtijọ́ ni yóò padà sí.

Kí ló wà lórí àjà ọ̀hún? Pàlàpálá àpáta ni àwọn baba ńlá ẹyẹlé ń gbé, wọn kì í tẹ́ ìtẹ́ sórí igi bí àdàbà. Ìdí nìyí tí abà fi bá a lára mu. Ó ga, igi àjà rẹ̀ ṣeé bà lé, igun rẹ̀ ṣókùnkùn, atẹ́gùn sì ń gba abẹ́ òrùlé kọjá.

Ní Àyèká, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, òjò lẹni tó ń sin ẹyẹlé máa kọ́kọ́ bá jà. Ilẹ̀ igbó ni, ilẹ̀ ọ̀pẹ ni, ọ̀rinrin kì í sì í tètè tán níbẹ̀. Ọmọ ẹyẹlé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin kò ní ìyẹ́ tí yóò fi bo ara, nítorí náà ìtẹ́ tó rin lè pa á. Páànù tó ń jò kò dára. Ilé ìdáná tí wọ́n ti ń yan púpurú náà kò dára, bó ti wù kó gbẹ tó: èéfín ò ní jẹ́ kí ẹyẹ simi.

Àpótí onígi tó tó nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà níbùú àti lóròó tó fún ìtẹ́ kan. Ẹyin 2 ni ẹyẹlé sábà máa ń yé, akọ àti abo á sì jọ máa sàba lé e fún nǹkan bí ọjọ́ 18. Kí àwọn ọmọ tó lè fò, ìyá ti lè tún yé òmíràn. Ààyè méjì ló yẹ tọkọtaya kan. Ìkòkò amọ̀ náà ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ní Íjíbítì, inú ògiri ilé gogoro ni wọ́n ń mọ ìkòkò bẹ́ẹ̀ sí, wọ́n á sì kó ìmí ẹyẹlé lọ sóko.

Ọkà inú abà ń pe ẹyẹlé, ó ń pe eku, eku náà sì ń pe ejò. Ẹyẹlé tí ejò bá ká mọ́ ìtẹ́ kì í dúró gbọ́ àlàyé. Páànù dídán ni kí wọ́n wé mọ́ òpó abà, kí wọ́n sì gé ẹ̀ka igi tó bá kan òrùlé. Kí wọ́n tún tẹ́ pákó sábẹ́ àpótí, kí ìmí má baà máa bọ́ sórí àgbàdo tí ènìyàn yóò jẹ.