Ìtàn Bí Irúgbìn Ọ́kíìdì Ṣe Di Ohun Tí A Ń Gbìn Nílé

Nínú igbó ilẹ̀ olóoru, orí igi ni púpọ̀ nínú àwọn òdòdó tí à ń pè ní ọ́kíìdì ń gbé. Ẹni tí ó bá rí wọn lè pè wọ́n ní àfòmọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í fa oje igi mu. Ibùjókòó lásán ni igi jẹ́ fún wọn. Ohun tí ọ̀rọ̀ wa yìí fẹ́ fi hàn ni pé àìmọ oúnjẹ irúgbìn wọn dá kún ìparun igbó, àti pé ìmọ̀ tí a kò fi pamọ́ ni ó gbé wọn dé ilé mẹ̀kúnnù.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń du òdòdó yìí lọ́wọ́ ara wọn. Àwọn oníṣòwò sì rán ènìyàn lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà àti Éṣíà láti kó o wá. Albert Millican, ọ̀kan nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1891 pé nǹkan bí 4,000 igi ni àwọn gé lulẹ̀ ní Kòlóḿbíà kí ọwọ́ àwọn tó tẹ nǹkan bí 10,000 ọ́kíìdì.

Èé ṣe tí wọn kò gbin irúgbìn? Èso kan ṣoṣo lè ní irúgbìn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ, ṣùgbọ́n wọ́n kéré bí eruku. Àgbàdo àti ẹ̀wà a máa gbé oúnjẹ ọmọ wọn sínú. Irúgbìn ọ́kíìdì kò ní irú ìpèsè bẹ́ẹ̀. Ní Exeter, oníṣègùn kan, John Harris, fi bí a ti í mú òdòdó méjì gba ara wọn han John Dominy, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà Veitch. Ní 1856, àkọ́kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tanná. Síbẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú irúgbìn wọn ni ó ń kú, kò sì sí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀.

Ní 1899, Noël Bernard, ará Faransé, rí i pé irú olú kan, tí ó rí bí òwú tín-ín-rín, ni ó ń wọ inú irúgbìn náà, tí ó sì ń bọ́ ọ. Ikú mú un ní 1911, nígbà tí ó wà ní ẹni ọdún 36. Lewis Knudson ti Yunifásítì Cornell wá rò ó pé ṣúgà lè rọ́pò iṣẹ́ olú náà. Ní 1922, ó fi hàn pé irúgbìn ọ́kíìdì lè hù láìsí olú lórí agar tí a pò mọ́ ṣúgà àti iyọ̀ inú ilẹ̀. Bí àwọn oníṣòwò kan ti ń fi ọgbọ́n tiwọn pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni Knudson tẹ tirẹ̀ jáde fún gbogbo ayé.

Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ní sùúrù lè ṣe é nílé. A ó se oúnjẹ irúgbìn nínú ìgò, nínú ìkòkò tí ooru kò ti lè ráyè jáde. A ó fi bílíìṣì fọ irúgbìn. A ó gbìn ín ní ibi mímọ́ tónítóní, a ó sì dé ìgò náà pinpin. Kòkòrò àìfojúrí kan ṣoṣo tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí a bá kó ọmọ rẹ̀ jáde lẹ́yìn oṣù púpọ̀, èèpo igi ni a ó fi gbé e ró, kì í ṣe ilẹ̀ líle. Kí oòrùn ọ̀sán má sì pa á. Ó lè tó ọdún mẹ́ta sí méje kí ó tó tanná.

Àdéhùn àgbáyé tí a fọwọ́ sí ní Washington ní 1973 dáàbò bo ọ́kíìdì lọ́wọ́ òwò àìnídìíwọ̀n, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń jí i kó nínú igbó. Òfin nìkan kò tó. Ibi tí ìgò irúgbìn bá ti pọ̀, èrè ẹni tí ń gé igi yóò dín kù.