Bí Ìṣirò Ṣe Gba Orí Fóònù Wọ Kíláàsì Wa

Ní ilé-ìwé wa nílùú Ìlá-Ọ̀ràngún, ẹni tó bá pẹ́ dé máa ń kúnlẹ̀ nínú oòrùn. Ní sáà tó kọjá, olùkọ́ ìṣirò wa ní kí àwa 40 tó wà ní kíláàsì kọ iye ìṣẹ́jú tí a fi ń rìn wá sí ilé-ìwé sílẹ̀. A fi bírò ṣírò rẹ̀ títí aago fi lù. Ìdáhùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la gbà. Ni Tíṣà bá mú fóònù wọn, wọ́n ṣí ojú ìwé kan lórí ayélujára, wọ́n tẹ iye náà sí i, ìdáhùn sì jáde lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní R ni orúkọ rẹ̀. Mo wá ìtàn rẹ̀ lọ.

Ìṣirò kì í ṣe àjèjì sí wa. Ogún-ogún ni àwọn baba ńlá wa fi ń ṣírò, wọ́n sì ń yọ kúrò nínú iye: àrúndínláàádọ́ta ni 50 tí a yọ 5 kúrò nínú rẹ̀, ìyẹn 45. Ní nǹkan bí ọdún 1963, lásìkò ìkànìyàn, ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ dé Nàìjíríà. Ní ọdún náà ni IBM dá ibùdó ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ̀rọ ìgbà náà kì í ṣe ohun tí ilé-ìwé girama lè rà.

Ní nǹkan bí 30 ọdún lẹ́yìn náà, olùkọ́ méjì ní Yunifásítì Auckland ní New Zealand, Ross Ihaka àti Robert Gentleman, kò rí sọ́fítíwíà tó tẹ́ wọn lọ́rùn láti fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Wọ́n wo S, èdè kọ̀ǹpútà tí Bell Labs ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1976, wọ́n sì ṣe R. Ní 1995, wọ́n fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé.

Síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ lò ó ní láti ní kọ̀ǹpútà. Ní 2011 ni RStudio dé, tó jẹ́ kí ènìyàn lè ti inú búráwúsà lo R tó wà lórí kọ̀ǹpútà tó jìnnà sí i. Ní 2023, webR gbé R wọ inú búráwúsà fúnra rẹ̀, tí fóònù tí a fi ṣí i fi lè ṣe ìṣirò náà. Ó ń jẹ dátà nígbà tó bá ń wọlé, ṣùgbọ́n kò béèrè yàrá kọ̀ǹpútà tí a kò ní.

Kí ni fóònù Tíṣà wá sọ? Bí a bá pín àpapọ̀ ìṣẹ́jú wa dọ́gba, ó jẹ́ 32 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí a bá tò wá láti orí ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ kúrú jù lọ, ẹni tó bọ́ sí àárín ń rin ìṣẹ́jú 20 péré. Tíṣà béèrè ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí. Àwa 10 tó ń ti abà wá ni. A máa ń rìn ju wákàtí kan lọ. Àwa náà ló sì máa ń kúnlẹ̀ jù.

Tíṣà mú èsì náà lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Láti ọjọ́ náà, wọ́n máa ń béèrè ibi tí ẹni tó pẹ́ ti ń bọ̀ kí wọ́n tó fi ìyà jẹ ẹ́. Nítorí akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn ni olùkọ́ méjì ṣe R. Èmi ọmọ abà Ìlá náà jẹ nínú oore rẹ̀.