Ìpín Ìkirè àti Àpòmù Nínú Ife Ẹ̀yẹ 1980

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ife ẹ̀yẹ Áfíríkà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ gbà, Èkó akéte ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dárúkọ, nítorí pé ní pápá ìṣeré ńlá Sùúrùlérè ni a ti gbà á ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, ọdún 1980. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìkirè tàbí ọmọ Àpòmù tí ó bá rántí bí ilẹ̀ ti tò láyé ìgbà náà yóò mọ̀ pé ìpín àwọn ìlú wa nínú ayọ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe ìpín àlejò. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni a wà, Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé sì ni olú-ìlú wa. Ibẹ̀ ni ọ̀nà wa já sí, bí a bá ti ré odò Ọ̀ṣun kọjá ní Aṣèjìrẹ́, ibẹ̀ náà sì ni ibùjókòó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí a ń pè ní tiwa, IICC Shooting Stars.

Ìrìn Nàìjíríà nínú ìdíje náà kò fi ọlá bẹ̀rẹ̀. Ní Gánà ní 1963, Íjíbítì fi góòlù mẹ́fà sí mẹ́ta nà wọ́n, Sudan sì fi mẹ́rin sí òdo lé wọn wálé. Ọdún mẹ́tàlá gbáko ni ó kọjá kí a tó tún rí wọn níbẹ̀. Ní Ethiopia ní 1976, Mòrókò nà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ wọ́n ṣe ipò kẹta. Ipò kẹta náà ni wọ́n tún ṣe ní 1978, nígbà tí àwọn ará Tùnísíà fi ìbínú kúrò lórí pápá nítorí góòlù tí àwọn ọmọ wa fi bá wọn dọ́gba.

Ọdún 1976 yìí kan náà ni IICC borí Tonnerre ti Yaoundé, tí ó sì di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tí ó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ti àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, tí ó yàtọ̀ sí ti àwọn orílẹ̀-èdè. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ: àwọn tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù pọ̀ ní Ìbàdàn láti ọdún pípẹ́, tí ọ̀kan ti mọ ibi tí èkejì yóò yà sí kí ó tó yà, ni wọ́n di òpó ikọ̀ tí Otto Gloria, ará Brazil, kó jọ fún ìdíje 1980. Best Ogedegbe ni ó ṣọ́ ilé. Felix Owólabí ni ó gbá góòlù kan ṣoṣo tí ó lé Mòrókò lọ, tí a fi gba ẹ̀san 1976. Nígbà tí Algeria sì wá dojú kọ wá níkẹyìn, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé kí a tó lọ sinmi, Muda Lawal sì fi ẹ̀kẹta dé e. Kò sí ọ̀kan nínú góòlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí tí kì í ṣe ẹsẹ̀ ọmọ IICC ni ó gbá a.

Èmi kò sọ èyí láti fi bu ọlá Christian Chukwu kù, balógun ikọ̀ náà, tí ó ti ọ̀dọ̀ Rangers ní Enugu wá. Àpòmù, tí Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé lọ́jà rẹ̀ kí òyìnbó tó dé, mọ̀ dájú pé àjùmọ̀ná ni í sọ ọjà di ńlá. Ohun tí mo ń wí ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ìpín ọlọ́jà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lawal nìyẹn, tí ó gbá ìdíje náà lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra, láti 1976 dé 1984. Ó kú ní oṣù Keje, ọdún 1991. Oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, tí Ìkirè àti Àpòmù sì kúrò lábẹ́ Ìbàdàn. Nàìjíríà ti pàdánù ìdíje àṣekágbá ní 1984, 1988 àti 1990 nígbà náà. Ní Tùnísíà ní 1994 ni wọ́n tún gbà á, tí Emmanuel Amuneke gbá góòlù méjèèjì tí a fi borí Zambia. Ṣùgbọ́n ẹni tí góòlù rẹ̀ pọ̀ jù nínú ìdíje náà, márùn-ún gééré, ni Rashidi Yekini, tí òun náà ti wọ aṣọ Shooting Stars rí ní Ìbàdàn.