Èrò Òǹkàwé lórí Àwọn Ìwé Ìkẹyìn Fágúnwà: Àkíyèsí Kan láti Ọjà-Ọ̀dàn

1. Ìfáàrà

Ẹ̀sùn kan wà tí àwọn lámèyítọ́ máa ń fi kan D. O. Fágúnwà, pé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó dùn jù, àti pé orin kan náà ni àwọn tí ó tẹ̀lé e ń kọ: ọdẹ jáde nílé, ó wọ igbó, ó bá iwin jà, ó gbọ́ ìmọ̀ràn, ó padà wálé. A kò sọ pé ẹ̀sùn yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí a fẹ́ bèèrè ni pé: ta ni òǹkàwé tí ó ń dá ẹjọ́ náà, èwo nínú àwọn ìwé náà ni ó sì kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀?

2. Ìtò ìwé àti ìtò ìtàn

Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó jáde ní 1949, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ní 1954, Àdììtú Olódùmarè ní 1961. Ṣùgbọ́n ìtò ìwé kì í ṣe ìtò ìtàn. Àkàrà-Ògùn ni akọni ìwé kìíní. Olówó-Ayé, bàbá rẹ̀, ni akọni Igbó Olódùmarè. Ìwé tí ó dé kẹ́yìn ni ó sọ ìtàn ẹni tí a kọ́kọ́ bí. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ka ìtàn bàbá kò ní pè é ní àtúnsọ. Ìpìlẹ̀ ni yóò kà á sí.

Ìrìnkèrindò ni ẹ̀sùn àtúnsọ bá jù lọ, nítorí ìrìnàjò sí Òkè Ìrònú jọ ìrìnàjò sí Òkè Láńgbòdó. Kò bá Àdììtú tó bẹ́ẹ̀. Inú òṣì ilé Obìrí-Ayé àti Ìpọ́njúdìran ni ìtàn yẹn ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà ìfẹ́ láàrin Àdììtú àti Ìyùnadé sì jẹ́ apá pàtàkì nínú rẹ̀. Nígbà tí Ayọ̀ Bámgbóṣé gbé ìwé odindi kan jáde lórí Fágúnwà ní 1974, gbogbo ìtàn náà ti wà nílẹ̀ pa pọ̀. Ẹni tí ó bá jẹ iyán ọjọ́ márùn-ún ní ìjókòó kan, iyán kò ní ṣàì sú u.

3. Ilé-ìwé àti ẹnubodè

Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, ọdún kan péré lẹ́yìn tí Ìrìnkèrindò jáde. Ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí a ń pè ní Yewa láti 1995, wà nínú ètò náà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó kọ́ ìwé Yorùbá kíkà ní irú ìlú bíi Ọjà-Ọ̀dàn lẹ́yìn 1955 kò dúró de ìwé kejì kí ó tó dé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n bá nílẹ̀. Èyí tí ọwọ́ bá tó ni a ó kọ́kọ́ kà.

Ọjà-Ọ̀dàn kò jìnnà sí ààlà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pa ní 1889. Àwọn Ọ̀họ̀rí wà ní ìhà méjèèjì rẹ̀. Ní ìhà Pọ́bẹ̀, èdè Faransé ni ilé-ìwé ìjọba amúnisìn fi ń kọ́ni. Ọmọ tí ó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ lè gbádùn Fágúnwà bí a bá kà á sí i létí, ṣùgbọ́n ilé-ìwé kò kọ́ ọ bí yóò ṣe kà á fúnra rẹ̀. Èrò òǹkàwé ní ààlà tirẹ̀.

4. Òǹkọ̀wé gẹ́gẹ́ bí òǹkàwé

Ìwé kíkọ pàápàá jẹ́ ìdájọ́. J. Ògúnṣínà Ògúndélé gbé Ibú Olókun jáde ní 1956, ó sì mú ìrìnàjò àrà náà dé ìsàlẹ̀ omi: ẹni tí igbó kò tíì sú nìyẹn. Afọlábí Ọlábímtán, ọmọ Ìlaròó, kọ Kékeré Ẹkùn ní 1967, ó fi iwin sílẹ̀, ó sì dojú kọ ìgbé ayé ọmọ ènìyàn láwùjọ. Ìdájọ́ méjèèjì tọ̀nà.

5. Ìgúnlẹ̀

Bí a bá gba ẹ̀sùn àtúnsọ láìyẹ̀ ẹ́ wò, ìwé kan tàbí méjì ni a ó máa fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, a ó sì pe ìyókù ní àjẹkù. Ẹni tí ó wọ ilé-ìwé ní ọmọ ọdún mẹ́fà ní 1955 ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Ẹ jẹ́ kí a lọ bi wọ́n léèrè èwo ni wọ́n kọ́kọ́ kà, kí àgbà tó lọ tán, kí ẹ̀rí má bàa bá wọn lọ.